Ìkúnlẹ̀ Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìyá ọkọ mi ṣe ń gba ìkíni. Ọmọ Ìkìrun ni Màmá, wọn kì í sì í gba "ẹ káàárọ̀" tí èèyàn jù sílẹ̀ láti orí ìdúró. Orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, ìdí gbọ́dọ̀ jókòó lé gìgísẹ̀, ojú gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ìgbà tí mo bá ti wà níbẹ̀ tán ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ara ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ọkọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyá tó bí ọ lọ́mọ ńkọ́? Àbúrò rẹ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Wọ́n á bèèrè ẹni tó ti kú, wọ́n á rántí pé ó ti kú, wọ́n á sì ṣàdúrà fún un lọ́tọ̀. N kò gbọ́dọ̀ dìde títí wọ́n á fi sọ pé, "Dìde, ọmọ mi." Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á gbàgbé láti sọ ọ́.

Ọdún méjìlá ni mo ti fẹ́ ọmọ wọn, Adédayọ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì tí wọ́n gbé wá sí Onitsha tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí gbé kúrò mọ́. Lọ́jọ́ tí a sọdá Odò Ọya, inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ti parí. Mo gbàgbé pé fóònù wà.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, Lábákẹ́. Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀, mà."

Irọ́ ni. Orí àga ìránṣọ ni mo jókòó sí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n óò dá ẹsẹ̀ dúró lórí pẹ́dálì kí wọ́n má baà gbọ́ ìró máṣíìnì. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, n óò máa wà á lọ.

Télọ̀ ni mí. Odoakpu, àdúgbò kan ní Onitsha, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan tí ojú fèrèsé rẹ̀ kún fún aṣọ sísá. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń lo oníná máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ tí iná bá ti lọ, máṣíìnì tèmi nìkan lẹ ó máa gbọ́ ní àdúgbò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń wà á, òsì kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ni mo fi ń jẹun, òun náà ló sì kán.

Oṣù karùn-ún ni. Ilé ìwé kan nítòsí wa ti gbé yúnífọ́ọ̀mù gbogbo ọmọ wọn fún mi láti rán, tí wọn óò wọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, mo sì lọ ra aṣọ rẹ̀ ní Main Market. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọkùnrin oníbárò kan tó kó àpò àlùbọ́sà ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń pariwo pé ká yà. Mo yà. Ibi tí mo yà sí, gọ́tà ni, omi ti bò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ara mi ṣubú sí ọ̀nà mìíràn, mo sì gbọ́ ìró kan, kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ sórí aṣọ tó nípọn. Oníbárò yẹn náà ló kó àlùbọ́sà rẹ̀ sílẹ̀, tó gbé mi sínú bárò, tó tì mí jáde sí títì. Mo ń ké, òun náà ń ké pé kí wọ́n yà. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ọjà ló yà.

Egungun ọrùn ẹsẹ̀ kán lọ́nà méjì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan àti síkúrù mẹ́fà dè é pọ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni Màmá wọlé láti Ìkìrun pẹ̀lú báàgì mẹ́ta àti ike òrí kan, wọ́n ní àwọn wá tọ́jú mi. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Àṣà ti mọ́ mi lára débi pé mo ti ń wá bí n óò ṣe sọ̀kalẹ̀ nígbà tí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà wọlé, tó sì fi igbe ta.

"Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀," ni ó wí, ọkọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. "Kò gbọ́dọ̀ lóṣòó. Kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀."

"Kò gbọ́dọ̀ kí ni?" Màmá bèèrè.

"Kúnlẹ̀, mà," Adédayọ̀ dáhùn, ó ń wo ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ ń ro mí gan-an, àmọ́ mo fa aṣọ bojú, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo bí mo ṣe gbádùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn! Láràárọ̀, n óò jókòó sórí àga bí olorì, ẹsẹ̀ mi lórí ìrọ̀rí méjì, n óò ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," láti òkè. Màmá á dáhùn, wọ́n á wo orúnkún mi, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á gba ibi ìdáná lọ. Ìbéèrè wọn kò gùn mọ́. Ó jọ pé tí ẹni tí à ń kí kò bá rí wa nílẹ̀, ìkíni kì í dùn ún ṣe.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn o, wọ́n tọ́jú mi. Wọ́n gbé omi ìwẹ̀, wọ́n sè, wọ́n fọ̀, wọ́n sì ń bá Tóyìn, ọmọ mi, jà ní gbogbo ọjọ́ nítorí pé Ìgbò ló fi ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jiná tí wọ́n sì yọ pí-ó-pí funfun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa ẹsẹ̀ náà fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á gbé gìgísẹ̀ mi lé itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ti àtẹ́lẹsẹ̀ mi sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún tì í. N óò máa ké. Wọ́n á ní kí n pa ẹnu mọ́, àwọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà ti rù, ó sì le bí ilẹ̀kùn tí òjò ti mu. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀pá tilẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dálì. Ẹsẹ̀ kò tẹ̀. Mo fi agbára tì í, kẹ̀kẹ́ máṣíìnì yí sẹ́yìn, òwú já. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, òwú já lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo dán ẹsẹ̀ òsì wò, ojú ìrán náà wọ́ kiri aṣọ bíi pé ọmọdé ló rán an. Ẹ̀rù bà mí. Àpò aṣọ yúnífọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò tíì gé ẹyọ kan nínú rẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀, mo sunkún.

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Blessing ni wọ́n fi mí lé lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó máa kọ́ ẹsẹ̀ àti apá tó kán ní iṣẹ́ wọn padà. Kò ní àánú rárá. Ó ní kí n dojú kọ ògiri kí n máa fi orúnkún kàn án láì gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ní kí n máa sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ló ju ìrọ̀rí kan sílẹ̀.

"Èyí gan-an ló máa ṣe é," ó ní. "Rọra kúnlẹ̀. Jókòó lé gìgísẹ̀ rẹ. Ka ení dé ọgbọ̀n. Kí o wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, kí o fi dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tí orí ti dàrú. Mo bi í léèrè bóyá kò sí òmíràn.

"Kò sí èyí tó dà bíi rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ni kí o padà wá kí n wọ̀n ọ́n. Tí ẹsẹ̀ yìí kò bá tẹ̀ dáadáa títí di ìgbà náà, bó ṣe máa wà nìyẹn. Èmi ò ní lè bá ọ bẹ̀ ẹ́ mọ́."

Nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé mi lọ sílé, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń ká mi lára. Nínú ohun gbogbo tí Ọlọ́run dá, ìkúnlẹ̀ ló wá jẹ́ oògùn mi! Tí mo bá sọ fún Màmá, n kò ní dìde mọ́ títí ọdún á fi parí. Mo sì ń wọlé báyìí, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n sọ?" Kí orí mi tó rò ó, ẹnu mi ti sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, mà."

Màmá wo ojú mi. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. "Ọdún tó ń bọ̀."

"Oṣù kẹta," mo fi kún un, nítorí irọ́ tó ní déètì máa ń dúró dáadáa.

"Kò burú," Màmá ní. "Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i."

Ó wá ku ibi tí n óò ti máa ṣe é. Nílé, kò sí igun tí Màmá kì í dé. Ṣọ́ọ̀bù ló kù. Mo ní kọ́tìnì kan níbẹ̀ tí àwọn oníbàárà máa ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti gbé aṣọ wọ̀ wò. Ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá mú tí ẹsẹ̀ sì dá lójú ọ̀nà, mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹsẹ̀ dùn mí! Orúnkún kan ilẹ̀, ó dáa. Àmọ́ nígbà tí mo ní kí n jókòó lé gìgísẹ̀, síkúrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáhùn. Àlàfo tó wà láàárín ìdí mi àti gìgísẹ̀ tó odidi ọwọ́. Mo ń ké, "Olúwa o! Jésù, gbà mí o! Ení! Èjì! Ẹ̀ta!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ogún nígbà tí ẹnìkan ṣí kọ́tìnì.

Mama Nwakaego ni, obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì, sípù àti òwú ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi. Ilé kan náà ni a jọ ń gbé, ọ̀rẹ́ Màmá sì ni. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń pàdé nídìí ẹ̀rọ omi. Màmá á sọ Yorùbá, òun á sọ Ìgbò, àwọn méjèèjì á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún ara wọn ní ata. Ohun tí Mama Nwakaego bá rí, kó pẹ́ kó yá, Màmá á rí i.

"Mama Tóyìn!" ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "You dey pray?"

Kí ni kí n sọ? Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, òógùn bò mí, orúkọ Jésù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu mi. "Yes o."

"Who you dey pray for like this?"

"My husband mama," mo ní. Èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. "Make God give am long life."

Mama Nwakaego gbé ọwọ́ lé àyà. Omi lé sí i lójú. "For mother-in-law! Chineke! My own, na make she carry her load go I dey pray."

Lọ́jọ́ kejì, ó ti débẹ̀ kí n tó dé. Ó ní irú ọkàn báyìí ló yẹ kí òun bá fohùn ṣọ̀kan, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú obìnrin tó ń ta búrẹ́dì wá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti pé márùn-ún, mo sì ní láti ká kọ́tìnì sókè nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà wá mọ́. Wọ́n ní kí n máa ṣáájú àdúrà ní èdè mi, wọ́n ní Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè. N kò rí ohun tí n óò sọ. Mo sì gbọ́dọ̀ ka ọgbọ̀n.

"Ení!" mo pariwo.

"Amen!"

"Èjì!"

"Amen!"

Mo máa ń pa ojú dé kí n má baà rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti dé ẹẹ́dọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ á ti máa jó mi, ohùn mi á sì máa gbọ̀n, èyí tó máa ń wọ̀ wọ́n lọ́kàn gan-an. Tí mo bá fi igbe sọ "Ọgbọ̀n o!", wọ́n á dáhùn títí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì á fi yọjú. A ó dìde, a ó tún kúnlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní òun kò tíì rí ìjọ tó ń lo orúnkún tó báyìí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọmọ oníbúrẹ́dì tó wà ní òkè òkun, tí kò tíì pe ìyá rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, fi pè é lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ di ńlá. Wọ́n di mẹ́jọ. Wọ́n ní ṣé kí a fi ààwẹ̀ kún un? Mo ní ẹ̀mí kò tíì pàṣẹ ààwẹ̀ fún mi. Ojú ń tì mí díẹ̀, n kò ní ṣẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Àlàfo tó tó odidi ọwọ́ ti di ìka mẹ́ta, ó ti di ìka méjì. Pẹ́dálì ti ń gbà díẹ̀, òwú ṣì ń já, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó já. Nílé, mo ń fi ọ̀pá tiro kiri, mo ń jókòó kí Màmá láti orí àga.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Màmá ń fi òrí pa ẹsẹ̀ mi, wọ́n tì í sókè, wọ́n dúró.

"Òrí yìí mà dára o," wọ́n ní.

"Òrí Ìkìrun ni, mà," mo dáhùn.

Ìgbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n padà sọ́dọ̀ Dókítà Blessing ni Mama Nwakaego gbé iṣu ńlá kan àti ẹja gbígbẹ wá sílé wa, ó ní òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ní irú ìyàwó báyìí. Màmá gba iṣu, wọ́n gba ẹja, wọ́n ń súre ní Yorùbá. Mama Nwakaego rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò wọlé. Ó nawọ́ sí mi. Ó bọ́ bàtà. Lójijì, ó kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀, orúnkún méjèèjì, ó pa ojú dé, ó gbé ọwọ́ sókè.

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ọmọ gidi! Ọmọ Ìgbò kúnlẹ̀ kí mi nínú ilé ọmọ mi! Káàbọ̀, ọmọ mi. Ara ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ọkọ ńkọ́?"

"Every day, Mama!" Mama Nwakaego ń nawọ́ sí mi. "Every day!"

"Kí ló ń sọ?" Màmá bi mí.

"Ó ní ojoojúmọ́ ló máa ń wu òun kí òun wá kí yín, mà."

"Kí ló dé tó ń nawọ́ sí ọ?"

"Ó ní... ó ní kí n máa fi òun ṣe àwòkọ́ṣe."

Màmá yíjú sí ẹsẹ̀ mi. "Òótọ́ ló sọ," wọ́n ní. Wọ́n fa Mama Nwakaego lọ́wọ́. "Dìde, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gangan, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Màmá ló bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú gèlè lórí. Mama Nwakaego sáré lọ di wọ́n lọ́wọ́ mú, ó mú wọn jókòó sórí àga oníbàárà ní àárín gbogbo wa.

"Mo ní kí n wá wo ibi tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́," Màmá ní, wọ́n sì tún ìró wọn ṣe.

Àwọn obìnrin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kúnlẹ̀. Wọ́n ń dúró dè mí. Èmi nìkan ló wà lórí ìdúró, mo di ọ̀pá mú bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

"Mama Tóyìn, wetin happen?" Mama Nwakaego la ojú kan. "Kneel down now."

"My leg dey pain me today."

"Leg wey kneel ten times yesterday?"

Mo wo Màmá. Màmá ń wo àjà. Mo mọ̀ pé "ten times" náà yé wọn, nítorí Tóyìn ń ka one, two, three fún wọn nílé lójoojúmọ́. Tí mo bá kúnlẹ̀, àṣírí tú. Tí n kò bá kúnlẹ̀, ó ti tú náà. Àmọ́ ohun tí mo rò jù ni pé ọjọ́ méjì ló kù, ìka kan péré ló sì kù láàárín ìdí mi àti gìgísẹ̀. Tí mo bá fi ìtìjú pa ọ̀sán òní jẹ, bóyá ìka kan yẹn ló máa wà láàárín èmi àti iṣẹ́ mi títí láé. Mo ju ọ̀pá sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

Mo jókòó lé gìgísẹ̀. Ó jó mi, ó jó mi, n kò dúró.

Mo ń retí igbe. Màmá húkọ́ díẹ̀.

"Káàárọ̀, Lábákẹ́," wọ́n ní, ní aago méjìlá ọ̀sán.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ara ńkọ́?"

"Amen!" ni àwọn obìnrin mẹ́jọ dáhùn.

"Ọkọ ńkọ́?"

"Amen!"

"Àbúrò rẹ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀?"

"Amen! Amen!"

Gbogbo ìkíni tí mo jẹ wọ́n láti oṣù karùn-ún ni wọ́n gbà lọ́jọ́ yẹn. Wọn kò yọ ẹnìkan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí bàbá mi àgbà tó ti kú, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀, obìnrin oníbúrẹ́dì bú sẹ́kún. Mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi, n kò mọ èyí tí ìrora fà àti èyí tí ẹ̀rín fà. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe pé Màmá gbàgbé láti ní kí n dìde. Mo rí i lójú wọn pé wọn kò gbàgbé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde lórí àga. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ki ọwọ́ bọ ibi tí ìka kan wà lánàá. Ọwọ́ wọn kò ráyè wọlé.

"Ó ti kàn án," wọ́n ní, ohùn wọn sì yàtọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

"Pa ẹnu mọ́. Ta ló ń pa ẹsẹ̀ yìí? Ṣé o rò pé mo gbà pé òrí ló ń tú u? Ó ti ń rọ̀ lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. N kò mọ ibi tí o ti ń ṣe é, mo ṣáà mọ̀ pé o ń ṣe é. Mo ní kí n dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́, Lábákẹ́. Ohun tí mo bá ní kí o ṣe, ààbọ̀ lo máa ń ṣe nínú rẹ̀. Èyí tí o bá ń fi pamọ́ fún mi, o máa ń ṣe é dójú àmì."

Ojú tì mí. Inú mi sì dùn, ó dùn débi tí n kò lè gbójú sókè.

"Dìde, ọmọ mi."

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo fi dìde, n kò di nǹkan kan mú. Mama Nwakaego rí ọ̀pá mi nílẹ̀, ó rí mi lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó figbe bọnu, ó sáré jáde sí títì. "She don drop stick o! She don drop stick!" Gbogbo Odoakpu ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Kí ni wọ́n ń pariwo?" Màmá bèèrè.

"Wọ́n ń kí yín ni, mà."

"Lábákẹ́."

"Wọ́n ní àdúrà ló wò mí sàn, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Màmá ní. "Máa túmọ̀ rẹ̀ dáadáa."

Dókítà Blessing wọn ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ kẹrìnlá, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí pé ta ló ń dúró tì mí nílé. Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá di báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi ike òrí sílẹ̀ fún mi, wọ́n sì padà sí Ìkìrun. Ilé fẹ̀ sí i. Fún ọjọ́ mélòó kan, mo máa ń jí láràárọ̀, n óò dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, orúnkún mi kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ọjọ́ Ajé kan ni, ní ìparí oṣù kẹjọ. Mo wà nídìí máṣíìnì, òkìtì yúnífọ́ọ̀mù wà lọ́tùn-ún, òkìtì wà lósì, mo ń fi apá mọ́ ẹ̀wù kan. Fóònù dún. Mo fi èjìká há a mọ́ etí.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, Lábákẹ́. Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀, mà."

Mo wo ìsàlẹ̀. Mo ti gbàgbé láti dá ẹsẹ̀ dúró.

"Irọ́ lo ń pa," Màmá ní. "Mò ń gbọ́ máṣíìnì."

Mo dá a dúró kíákíá.

"Ta ní kí o dá a dúró? Wà á lọ."

Mo wà á lọ. Màmá kò bèèrè ara, wọn kò bèèrè ọmọ, wọn kò bèèrè ọkọ. Mo rán apá kan tán, mo rán ìkejì, mo rán kọ́là, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí ní etí mi, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Ìgbà tí òwú ìsàlẹ̀ tán ni máṣíìnì tó dákẹ́.

"Dìde, ọmọ mi," wọ́n ní, wọ́n sì pa fóònù.